Lọ́yà Ní Adájọ́ Kan "Kò Dára": Kí Gan-an Ló Ń Sọ?

Lọ́yà méjì pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́, oníkálukú ń bọ̀ láti yàrá ìgbẹ́jọ́ tirẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè irú adájọ́ tí wọ́n bá nínú lọ́hùn-ún. Ọ̀kan ní, "Há, adájọ́ tiwa le! Á jágbe mọ́ èèyàn títí ọwọ́ á fi máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kì í ṣègbè." Èkejì ní, "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni tiwa, ẹ̀rín ló fi ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹjọ́ tèmi fúnra mi ni, mi ò ní fẹ́ kó bọ́ sí i lọ́wọ́." Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ òfin tó ń gbọ́ wọn á rò pé àwọn méjèèjì ń wí ìwíkúwìí. Báwo ni ẹni tó ń jágbe ṣe máa jẹ́ ẹni rere, kí ẹlẹ́rìn-ín wá di ẹni tí à ń sá fún?

Wọn ò wí ìwíkúwìí o. Nígbà tí lọ́yà bá ń sọ̀rọ̀ adájọ́, nǹkan mẹ́ta ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ pa pọ̀: bí adájọ́ ṣe ń hùwà sí èèyàn, bó ṣe mọ òfin sí, àti bóyá ó ti mọ ẹni tó fẹ́ kó borí kó tó gbọ́ ẹjọ́. Àwa tí a wà níta máa ń di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ẹrù kan, a ó ní "ó dára" tàbí "kò dára". Lọ́yà tó gbọ́n kì í dì í pọ̀. Ó mọ̀ pé adájọ́ lè kù díẹ̀ káàtó níbi ọ̀kan kó sì mọ́ tónítóní níbi ìyókù.

Ìbínú yàtọ̀ sí ìṣègbè

Ìbínú ló máa ń kọ́kọ́ hàn sójú. Adájọ́ ní "Lọ́yà, ẹ jókòó!", ohùn rẹ̀ le. Ó ń wo aago. Ẹlẹ́rìí ń lọ yípo, adájọ́ mí kanlẹ̀. Ẹni tó ni ẹjọ́ á ti máa wí nínú ara rẹ̀ pé, "Ó tán, ó ti kórìíra mi."

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní 1994, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Liteky. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kì í dùn létí ẹni tó pàdánù: pé kí adájọ́ máà ní sùúrù, kó fajú ro, kódà kó bínú, kò tíì tó ẹ̀rí pé ó ń ṣègbè. Wọ́n tún ní ìpinnu tí adájọ́ ṣe lórí ẹjọ́, bó ti wù kó korò tó, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí òun nìkan tó ẹ̀rí. Bí ìpinnu bá wọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni à ń gbé e lọ kí wọ́n tún un ṣe. A kì í tìtorí rẹ̀ pe adájọ́ ní aṣègbè. Nítorí náà, bí lọ́yà bá sọ fún yín pé "adájọ́ yẹn ò dáa, gbogbo ohun tí mo béèrè ló kọ̀ fún mi", ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí kò yẹ ló béèrè.

Síbẹ̀ náà, ibì kan wà tí ẹnu adájọ́ lè gbé e dé tí kò ní lè padà mọ́. Ẹjọ́ Liteky tọ́ka sí èyí tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n pinnu ní 1921. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan Victor Berger, òṣèlú sósíálísì kan, àti àwọn mìíràn tó jẹ́ pé ilẹ̀ Jámánì tàbí Austria ni orírun ọ̀pọ̀ nínú wọn. Adájọ́ tó wà nídìí ẹjọ́ náà, Kenesaw Mountain Landis, ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé kí èèyàn tó lè máà kórìíra àwọn ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ Jámánì, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ní ọkàn adájọ́ gidi, nítorí pé ìwà ọ̀dàlẹ̀ ló kún inú wọn. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kò yẹ kó jókòó sí ẹjọ́ náà rárá.

Ẹ fi méjèèjì wéra. Adájọ́ tó jágbe mọ́ lọ́yà tó pẹ́ dé, ohun tí lọ́yà ṣe níwájú rẹ̀ ló bí i nínú. Ti Landis, ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá ni, kò sì sí ẹ̀rí kankan tí ẹnikẹ́ni lè mú wá sínú yàrá yẹn tó máa yí i padà. Ibi tí ìbínú ti wá ni lọ́yà ń wò kó tó sọ pé "ó le ṣùgbọ́n kì í ṣègbè". Ó tún ń wo bóyá adájọ́ ń pín ìbínú náà dọ́gba. Ẹni tó jágbe mọ́ tọ̀tún tó sì jágbe mọ́ tòsì, a lè máa bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́ wa jẹ.

Ẹlẹ́rìn-ín wá ńkọ́? Òun ni ẹni tí ojú rẹ̀ tutù tó jẹ́ pé gbogbo àtakò tí lọ́yà apá kan bá ṣe, ó gbà á. Ti apá kejì, kò tíì dé ìdajì tó fi ní ó ti tó. Apá kan béèrè fún ọjọ́ mìíràn, ó fún wọn. Apá kejì béèrè, ó ní ẹjọ́ ti pẹ́ jù nílẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kan ṣoṣo níbẹ̀ tí a lè fà yọ fi hàn aráyé. Irú rẹ̀ ló ṣòro jù láti mú, òun sì ni lọ́yà fi ń rọra sọ̀rọ̀ bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Adájọ́ tó gba iṣẹ́ lọ́yà ṣe

Ẹjọ́ kan wà ní England, ti 1957, tí mo rò pé ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo ìwé òfin lọ. Ìjàǹbá níbi ìwakùsà èédú pa òṣìṣẹ́ kan. Opó rẹ̀ pe National Coal Board, àjọ ìjọba tó ni àwọn ihò èédú nígbà náà, lẹ́jọ́. Adájọ́ Hallett ló gbọ́ ọ. Opó náà pàdánù.

Hallett ò bú ẹnikẹ́ni. Kò bá ẹnikẹ́ni tan, kò sì ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ èédú. Ohun tó ṣe ò ju pé ó ń béèrè ìbéèrè lọ. Lọ́yà á dìde kó bi ẹlẹ́rìí, adájọ́ á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹlẹ́rìí á fẹ́ dáhùn, adájọ́ á ti béèrè òmíràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kòtẹ́milọ́rùn, nǹkan tí a kì í sábà rí ṣẹlẹ̀: apá méjèèjì ló ń ráhùn. Opó tó pàdánù ní adájọ́ kò jẹ́ kí lọ́yà òun ṣiṣẹ́. Àjọ èédú tó borí náà ní ìdásí adájọ́ pọ̀ jù, kò jẹ́ kí ẹjọ́ àwọn hàn bó ṣe yẹ.

Denning, tó kọ ìdájọ́ kòtẹ́milọ́rùn, kò pe Hallett ní èèyàn burúkú. Ó ní èrò rere ló wà lọ́kàn rẹ̀: ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó díjú náà yé òun, kò fẹ́ kí wọ́n fìyà ìbéèrè jẹ àwọn ẹlẹ́rìí, kò sì fẹ́ kí ẹjọ́ fa gígùn jù. Èrò mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tó burú níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ adájọ́, Denning ní, ni kó fetí sí ẹ̀rí, kó béèrè ìbéèrè kìkì níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé tàbí tí wọ́n gbàgbé nǹkan, kó rí i pé àwọn lọ́yà ń hùwà bó ṣe yẹ, kó dá àsọtúnsọ àti ìsọkúsọ dúró, kó wá pinnu ibi tí òtítọ́ wà. Bó bá kọjá ibẹ̀, ó ti bọ́ aṣọ adájọ́ sílẹ̀, ó ti gbé ti lọ́yà wọ̀, aṣọ náà kò sì bá a mu. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí Francis Bacon, amòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà kan, sọ náà wà níbẹ̀, pé adájọ́ tó ń sọ̀rọ̀ jù dà bí aro tí kò dún dáadáa. Hallett fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà.

Ẹni tí kò tíì wo lọ́yà níbi tó ti ń bi ẹlẹ́rìí alátakò ní ìbéèrè lè máa wò ó pé kí wá ni ìbéèrè adájọ́ bàjẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni lọ́yà ń to ìbéèrè, bí ẹni ń to bíríkì. "Ẹ wà nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni. "Iná ò sí?" Kò sí. "Ẹ ò sì wọ awò ojú?" Mi ò wọ̀ ọ́. Ìbéèrè kẹrin ló máa dé ibi tó ń lọ, ẹlẹ́rìí ò sì tíì fura. Bí adájọ́ bá já wọlé lẹ́yìn ìkẹta, tó ní, "Ohun tí lọ́yà fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ rí ojú ọkùnrin náà dáadáa", ó ti tú pańpẹ́ náà sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí ti rí ibi tí ọ̀nà ń lọ, ó ti ráyè ronú. Adájọ́ rò pé òun ran ìgbẹ́jọ́ lọ́wọ́ ni.

Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn orílẹ̀-èdè tó jogún òfin wọn ni mo ń sọ yìí o, níbi tí àwọn lọ́yà ti ń gbé ẹ̀rí kalẹ̀ tí adájọ́ ń gbọ́. Ní ilẹ̀ Faransé àti Jámánì, adájọ́ gan-an ló ń ṣáájú bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Bí lọ́yà ibẹ̀ bá ní "adájọ́ yìí kì í béèrè nǹkan kan", ó lè jẹ́ pé ìráhùn ló ń ráhùn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ilé ẹjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti jáde kí ẹ tó mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn níbi tí àwọn júrì wà, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i, torí àwọn ará ìlú tó jókòó síbẹ̀ láti pinnu bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi ń wo ojú adájọ́ bí ọmọ ṣe ń wo ojú olùkọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní England ti tọ́ka sí oríṣi ìdásí mẹ́ta tó lè mú kí wọ́n da ìdálẹ́bi nù: kí adájọ́ máa fọgbọ́n sọ fún àwọn júrì pé kí wọ́n má gba ẹ̀rí olùjẹ́jọ́ gbọ́, kó sọ ọ́ di ohun tí kò ṣeé ṣe fún lọ́yà láti gbèjà oníbàárà rẹ̀, tàbí kó máà jẹ́ kí olùjẹ́jọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Bó bá wá hàn gbangba pé olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló máa ń pín àwọn èèyàn níyà. Ní 2009, ìgbìmọ̀ Privy Council ní London, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìkẹyìn fún erékùṣù Jersey, gbọ́ ẹjọ́ kan láti ibẹ̀. Ẹ̀rí tó wà lòdì sí ọkùnrin náà lágbára. Ṣùgbọ́n adájọ́ ti ń bi í ní ìbéèrè lemọ́lemọ́ bí ẹni pé agbẹjọ́rò ìjọba ni òun, ó sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ níṣojú àwọn tó máa pinnu bóyá ó jẹ̀bi. Wọ́n da ìdálẹ́bi náà nù. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ tó tọ́ kì í ṣe ti aláìṣẹ̀ nìkan, torí ta ló mọ aláìṣẹ̀ kí ìgbẹ́jọ́ tó parí?

Adájọ́ tí kò ṣe nǹkan kan

Apá kan ọ̀rọ̀ yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwà rárá, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Nígbà mìíràn lọ́yà á ní, "Adájọ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ yìí." Ní 1852, wọ́n da ìpinnu Lord Cottenham nù ní England nítorí pé ó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ tó ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó rò pé ìpín náà yí i lọ́kàn padà. Nínú ẹjọ́ Sussex tó wà nínú àkójọ ìdájọ́ ọdún 1924, ọkùnrin kan tó ń gun alùpùpù ni wọ́n dá lẹ́bi. Akọ̀wé tó bá àwọn adájọ́ wọ yàrá ìpinnu ń ṣiṣẹ́ fún àwọn lọ́yà tó ń gbèjà ẹni tí alùpùpù náà kọlù. Àwọn adájọ́ ò bi akọ̀wé léèrè ohunkóhun, akọ̀wé náà ò sì la ẹnu. Wọ́n da ìdálẹ́bi nù síbẹ̀síbẹ̀. Ibẹ̀ ni Lord Hewart, adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ti sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo lọ́yà mọ̀ lórí, pé kò tó kí a ṣe ìdájọ́ òdodo, ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba lójú gbogbo èèyàn pé a ṣe é.

Ẹjọ́ Augusto Pinochet, tó ti jẹ olórí Chile, ló mú èyí dé etí gbogbo ayé. Ní Oṣù kọkànlá 1998, àwọn adájọ́ àgbà márùn-ún ní London pín sí mẹ́ta sí méjì lòdì sí i, lórí bóyá ipò olórí tó ti dì mú rí lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Lẹ́yìn náà ló hàn pé Lord Hoffmann, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, wà lára olùdarí ẹ̀ka kan nínú Amnesty International, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, àjọ yìí kan náà sì ti wá sọ̀rọ̀ lòdì sí Pinochet nínú ẹjọ́ náà. Kò sí ẹni tó fẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kàn án. Wọ́n fagi lé ìpinnu náà ní Oṣù Kejìlá, wọ́n sì tún un gbọ́ ní 1999.

Ohun tí ìwé kì í gbé

Bí kòtẹ́milọ́rùn bá fẹ́ mọ bí adájọ́ ṣe hùwà, àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n máa kà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè máà ju báyìí lọ: "Adájọ́: Ẹ máa bá a lọ." Ohun tí ojú rí níjọ́ náà ni pé adájọ́ gbé orí sẹ́yìn, ó wo àjà, ó mí kanlẹ̀, ó yíjú sí àwọn júrì bí ẹni tó ń wí pé "ẹ ẹ̀ gbọ́ nǹkan yìí?", ó wá ní "Ẹ máa bá a lọ." Ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn nìkan ló dórí ìwé.

Ìdí rèé tí èrò lọ́yà fi níye lórí: ojú rẹ̀ ló rí ohun tí ìwé kò gbé. Ìdí rèé náà tí lọ́yà tó mọṣẹ́ fi máa ń dìde, tí á sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Mo fẹ́ kó wọ àkọsílẹ̀ pé adájọ́ mi orí nígbà tí ẹlẹ́rìí mi ń sọ̀rọ̀." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dùn-ún sọ. Adájọ́ tó ń sọ ọ́ sí lójú yìí ló máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti lóṣù tó ń bọ̀. Adájọ́ náà tún lágbára láti fẹ̀sùn àrífín ilé ẹjọ́ kàn án. Bí lọ́yà kò bá sì sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kòtẹ́milọ́rùn lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé bó bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí o dákẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni lọ́yà ṣe máa ń wà láàárín iná méjì, tí oníbàárà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ń rò pé ojo ni.

Ẹni tó dá gbèjà ara rẹ̀ láìsí lọ́yà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kan wà tó yẹ kí òun sọ. Irú rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní UK ní 2020, nínú ẹjọ́ Serafin, ọkùnrin kan tó pe ìwé ìròyìn kan lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn adájọ́ àgbà kà á, wọ́n rí bí adájọ́ ṣe ń fi ọ̀rọ̀ líle há a mọ́lẹ̀ nígbà tó ń gbìyànjú láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n pàṣẹ ìgbẹ́jọ́ tuntun pátápátá. Lord Wilson ní ìdájọ́ tó jáde láti inú ìgbẹ́jọ́ tí kò tọ́, orí omi ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ta ló ń sọ̀rọ̀?

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì kan lọ́yà àti adájọ́ pẹ̀lú. Kí ẹ tó gbé èrò lọ́yà kan lórí ìwọ̀n, ẹ wo ibi tó dúró sí.

Ìtàn Samuel Chase, adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, fi èyí hàn. Ní 1800, wọ́n gbé John Fries wá síwájú rẹ̀ ní Philadelphia lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, nítorí pé ó ṣáájú àwọn tó kọ owó orí kan. Kí àwọn lọ́yà Fries tó sọ ọ̀rọ̀ kankan lórí òfin, Chase fún wọn ní ìwé tó ti kọ èrò tirẹ̀ sí lórí ohun tí ọ̀tẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní ó ti dá ẹjọ́ tán nìyẹn, wọ́n sì kúrò nínú ẹjọ́ náà. Ilé ẹjọ́ dá Fries lẹ́jọ́ ikú, kí Ààrẹ Adams tó dárí jì í. Ní 1804, àwọn aṣojú-ṣòfin fi ẹ̀sùn kan Chase láti yọ ọ́ nípò, ọ̀rọ̀ Fries sì wà lára ẹ̀sùn náà. Ṣé nítorí ohun tó ṣe sáwọn lọ́yà ni, tàbí nítorí pé ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ta ko Chase ló ti wà lórí àléfà? Méjèèjì ni, ní tèmi. Ilé Aṣòfin Àgbà dá a sílẹ̀ ní 1805. Ó hùwà tí kò yẹ adájọ́, àwọn tó ń ké sì ní èrò tiwọn nínú.

Ti Chicago le ju ti Chase lọ, torí pé àwọn lọ́yà gan-an wà lára ìjà náà. Ní 1969, Adájọ́ Julius Hoffman ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ajìjàgbara mẹ́jọ tí wọ́n fẹ̀sùn dídá rúkèrúdò sílẹ̀ kàn. Ọ̀kan nínú wọn, Bobby Seale, taku pé lọ́yà tí òun fẹ́ kò sí níbẹ̀, adájọ́ ní kí wọ́n dè é mọ́ àga, kí wọ́n fi aṣọ dí i lẹ́nu nínú yàrá ìgbẹ́jọ́. Nígbà tí ó parí, ó rọ ẹ̀sùn àrífín lé àwọn olùjẹ́jọ́ àti àwọn lọ́yà wọn lórí. Ó dá ti William Kunstler, ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà náà, sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ta lẹ máa gbà gbọ́? Lọ́yà tí adájọ́ rán lẹ́wọ̀n kò lè sọ pé òun ò ní ìkùnsínú, àwọn olùjẹ́jọ́ náà sì ń fín adájọ́ níràn lóòótọ́. Ní 1972, kòtẹ́milọ́rùn ka àkọsílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì da ìdálẹ́bi nù. Wọ́n ní bí kò bá tilẹ̀ sí àṣìṣe mìíràn, ìwà adájọ́ àti ti àwọn agbẹjọ́rò ìjọba nìkan ti tó láti dà á nù.

Nítorí irú èyí ni àwọn kan fi ṣètò ọ̀nà tí lọ́yà lè fi sọ̀rọ̀ láìsí ìbẹ̀rù. Láti 1953 ni ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà, ABA, ti ń yẹ àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe adájọ́ ìjọba àpapọ̀ wò. Wọ́n máa ń pe àwọn lọ́yà àti adájọ́ tó mọ ẹni náà, wọ́n á sì bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè: ìwà òtítọ́, ìmọ̀ iṣẹ́, àti irú ọkàn tó yẹ adájọ́, ìyẹn sùúrù àti etí ìgbọ́. Alaska gba ọ̀nà mìíràn láti àwọn ọdún 1970: wọn kì í bi lọ́yà nìkan, wọ́n ń bi ọlọ́pàá, àwọn tó ṣe júrì, àti òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́, wọ́n sì ń gbé èsì jáde kí ará ìlú tó dìbò bóyá kí adájọ́ dúró tàbí kó lọ. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn jù. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, bọ́ràn adájọ́ fúnra rẹ̀ bá dé.

Ìbòjú orúkọ náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí a kò mọ̀ lè gbẹ̀san ohun àtijọ́ láìfi ara hàn. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà sì ti rí i pé àwọn obìnrin àti aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ adájọ́ lè máa gba máàkì tó kéré ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́ àwọn lọ́yà, kódà níbi tí iṣẹ́ wọn kò ti yàtọ̀. "Irú ọkàn tó yẹ adájọ́" yìí gan-an ni mo fura sí. Ọkùnrin jágbe, wọ́n ní ó mọ yàrá ìgbẹ́jọ́ darí. Obìnrin jágbe, wọ́n ní inú rẹ̀ kì í dùn.

Bí ẹ bá ní ẹjọ́ nílẹ̀ wàyí, tí ẹ fẹ́ mọ irú ẹni tí ẹ ń lọ bá, ẹ má wulẹ̀ bi lọ́yà yín pé "ṣé adájọ́ náà dáa?" Ẹ bi í pé: ṣé ẹ ti borí níwájú rẹ̀ rí, kí ni ojú yín sì rí lọ́jọ́ náà? Lọ́yà tó bá dáhùn pé "mo borí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí lọ́yà kejì parí ọ̀rọ̀ kan", ẹ fa àga súnmọ́ ọn, ẹ ní kó sọ gbogbo rẹ̀.